Ewé tí Ìrẹ̀ Máa Jẹ

Àpótí ìsáná ńlá kan ni mo fi ṣe ilé fún wọn,
àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti ya ni òrùlé,
páálí ẹyin mẹ́ta ni yàrá.
Torí lékeléke kan ni,
tí ọ̀kadà gbá lórí afárá Láfẹ́nwá.
Apá kan kò ká mọ́, ẹnu rẹ̀ kò sì gba ẹ̀kọ.
Inú fìlà ni Ìbídàpọ̀ gbé e sí wálé:
"Màmá àgbà, kòkòrò ló máa ń jẹ."
Ẹ̀ẹ̀rùn sì ni. Tata dà?

Mo ní kí n gbin ewé tó ní gbòǹgbò sínú àpótí,
kí ìrẹ̀ rí ibi sá sí, kí wọ́n rí ìrì lá.
Kí ló tutù ju ọ̀dúndún lọ?
Ọ̀dúndún tí mo ń fún sórí ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó.
Mo lọ́ ọ sínú agolo mílíìkì, mo gbé e wọlé.
Lọ́jọ́ kẹta mo ṣí àwọ̀n:
ogún ìrẹ̀, ẹsẹ̀ lókè.
Ẹyọ kan kò han.

Bàbá Ṣóyẹmí, tó fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú òdòdó ìjọba n'Ìbarà,
na ọrùn láti orí ọgbà. Kò rẹ́rìn-ín.
"Ewé tí kòkòrò kò dá lu rí,
tó ń dán, tó pé pérépéré,
fura sí i.
Bọ̀mubọ̀mu lọ́mú, ọmú rẹ̀ kì í ṣe wàrà.
Dóńgóyárò tó ń lé ibà, kòkòrò náà ló ń lé.
Koríko etí gọ́tà Ìtòkú ń kọ́? Ó tutù yọ̀yọ̀,
àmọ́ omi aró òun sóódà ló mu dàgbà.
Tẹ̀tẹ̀ tí o bá rà, bi ẹni tó gbìn ín
oògùn wo ló fọ́n sí i, kó o sì wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn.
Ohun tí ìrẹ̀ bá jẹ, ẹyẹ rẹ ti jẹ ẹ́."

Ni mo bá lọ hú rínrín lábẹ́ àpáta ẹ̀yìn ilé,
mo fọ gbòǹgbò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
mo fi iyanrìn odò rọ́pò ilẹ̀ alájílẹ̀.
Mo gbin tẹ̀tẹ̀ láti inú èso tèmi.
Wọ́n ní kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́,
àwùjọ ìrẹ̀ ni mo mú un lọ.
Ìrẹ̀ méjì péré ni mo kọ́kọ́ jọ̀wọ́ sí i.
Ọjọ́ méje. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri.

Lóru ọjọ́ kẹjọ, àpótí han.
Ó han títí, Bàbá Ṣóyẹmí fi igi kan fèrèsé.

Ọ̀dúndún ṣì wà lẹ́yìnkùlé. N kò bá a jà,
iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.
Láàárọ̀ yìí lékeléke gba ìrẹ̀ kan lọ́wọ́ mi, ó gbé e mì,
ó wá ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.
Ìbídàpọ̀ na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i,
ó wo èékánná rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.
Èmi ṣì ń fọ ewé.