Ilẹ̀ Tó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀

Adéwọyin fi ohùn ránṣẹ́ láti Kánádà.
Mo gbọ́ ọ lábẹ́ àtíbàbà kan ní Ọ̀wá-Kájọlà,
òjò ń lu páánù, iṣu mẹ́rìndínlógún wà lẹ́yìn Bájáàjì mi.

Ó ní òun ti ra ọ̀kadà tí kò ní táyà,
ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì níwájú, ọ̀já rọ́bà lẹ́yìn,
òun fi ń gun òkè lórí yìnyín.
Ó ní kí òun tó gun òkè, òun á kọ́kọ́ gbẹ́ yìnyín dé ìbàdí,
òun á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri ihò náà,
òun á kà á ní ìpele ìpele:
èyí tó bọ́ lánàá, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ;
èyí tí oòrùn yan, ó le bí èépá ojú egbò;
èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ti oṣù kọkànlá,
ó ti di gaàrí Ìjẹ̀bú, hóró kan ò di èkejì mú.
“Ẹ̀gbọ́n, òun ló ń pa èèyàn.
Ọjọ́ tó bá ní òun ò rù mọ́,
gbogbo òkè á tú aṣọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.”

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀.
Ta ló kọ́ ọ, bí kì í bá ṣe bàbá wa,
tó máa ń fi èkù àdá kan ilẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Òdè,
tí á dẹtí
bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna?

Níbí náà, oòrùn ọjọ́ mẹ́ta á yan ojú ọ̀nà,
á pupa, á le, á dán,
amọ̀ á ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ tí yóò máa mumi.
Ráímì ò kan ilẹ̀. Ọjà Àjàṣẹ́ ló ń kánjú lọ.
Táyà iwájú kọjá.
Ti ẹ̀yìn ni ilẹ̀ kọ̀.
A rí bàtà rẹ̀ kan. A rí iná ẹ̀yìn ọ̀kadà,
tó ṣì ń tàn nísàlẹ̀ ọ̀gbun.

Àbúrò, ṣé o rántí alẹ́ tí yìnyín bọ́ nílé wa,
tí o ṣà á kún agolo mílíìkì,
tí o gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà?
Láàárọ̀, omi. O sunkún, o ní mo jí i.
Ẹyọ kan péré ni mo mú, mo fi Ọlọ́run búra.
Ìwọ náà wá lọ síbi tí kì í ti í tètè yọ́.

Òjò ti dá. Mi ò tíì gbéra.
Mo ń wá igi tó gùn.
Gbẹ́ ẹ jìn o, Adéwọyin.
Bó bá dé ìbàdí,
tún gbẹ́ díẹ̀ sí i nítorí tèmi.