Akọ Gúùsì Osla

Ẹ má pè é ní pẹ́pẹ́yẹ lójú Osla.
Pẹ́pẹ́yẹ ò lọ́rùn. Gúùsì lọ́rùn
bí ọmọ odó tí wọ́n fi ẹfun kùn,
ó sì mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ní Ṣẹ́tílándì wa, níbi tí igi kì í ti dúró de afẹ́fẹ́,
ìran wọn ti ń jẹko pẹ̀lú àgùntàn
kí bàbá mi tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.
Akọ a funfun báláú,
abo a gbé eérú sẹ́yìn, orí rẹ̀ nìkan ni òjò-dídì kàn.
Ọmọdé ò ní bi ọ́ léèrè èwo ni ìyàwó.
Gbogbo ilé ló ní wọn nígbà náà.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ Osla.
Ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan, tó ń sáré
kí ọkọ̀ ojú omi má baà fi í sílẹ̀,
ló tẹ abo méjèèjì pa lójú títì.
Akọ dúró síbi ògiri òkúta. Ó dúró.
Òjò dé, ó dúró.
Kò jẹ ọkà, kò bú ẹnikẹ́ni.
Gúùsì tí kò bú ènìyàn mọ́, ọ̀ràn ti dé.

Èmi Rasmie ni mo sọ ọ́, ẹnu mi ò ní ìdérí.
Mo ní, "Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀bẹ mi sì mú.
Ẹran àgbà le lóòótọ́, ìkòkò ló mọ bí yóò ti ṣe é."
Osla ò dá mi lóhùn. Ó bu tíì fún mi.
Bàtà òjò Gibbie ṣì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn,
ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí òkun dá ọkọ̀ rẹ̀ padà
láìsí i nínú.
Ó ti fi òróró pa bàtà náà. Ó ń dán.
Mo mu tíì mi.

Nínú oṣù kejì ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Fetlar,
ó gbé páálí bískíìtì kan bọ̀, páálí ń ké.
Akọ ò wo abo tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko
ó kọ ẹ̀yìn sí i bí àna tí wọ́n ṣẹ̀.
Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ló bu Osla jẹ nítan,
ojú ibẹ̀ dúdú bí aró.
Osla tiro dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀:
"Rasmie, ó ti ń bú mi!"

Ẹyin márùn-ún, nínú koríko gbígbẹ.
Abo sàba. Akọ ń lé ọkọ̀ tó ń pín lẹ́tà.
Méjì bàjẹ́, ìwò jí ọ̀kan gbé,
ó pa méjì.

Mo bá wọn gbé òkúta dí ojú ọ̀nà tó já sí títì,
mo fi ọ̀bẹ mi gé okùn tí a fi so géètì.
Akọ na ọrùn, ó ń wo ọ̀bẹ náà.
Títí dòní, mi ò lè gba iwájú rẹ̀ kọjá
láìmú igi lọ́wọ́.