Kíkan Ilẹ̀kùn

Ilé kẹta lẹ́yìn afárá, ní ìlú Duluth,
níbi tí atẹ́gùn adágún ti ń gé ni létí bí abẹ,
ibẹ̀ ni mo ti máa ń dúró jù lọ
nínú gbogbo ilé tí mo ń já ẹrù sí.
Orúkọ kan náà ló wà lára wọn: Marlys Haugen.
Páálí ní ọjọ́ Ajé, páálí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
ní Ọjọ́rú, méjì, ọ̀kan pọn ọ̀kan bí ìyá àti ọmọ.

Mo ti gbé àgọ́ wá fún obìnrin tí kì í sùn níta.
Mo ti gbé ìbọ̀wọ́ pupa wá nígbà mẹ́jọ, ìbọ̀wọ́ kan náà
(ọwọ́ mélòó ni ẹ̀dá ní?).
Mo ti gbé ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì wá
fún ẹni tó ti búra pé òun ò ní fẹnu kan búrẹ́dì mọ́.

Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, tí yìnyín ń bọ́ sí wa lórí:
ọdún méje ni òun fi jẹun lóru,
ní ìdúró, láìwọ bàtà, níwájú fìríìjì,
ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ nìkan ni ẹlẹ́rìí.
“Adìẹ tútù, mo fọwọ́ ya á.
Mi ò mọ adùn rẹ̀. Mo ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń dí ihò ògiri.
Ebi kọ́ o. Ebi mọ ìgbà tó yó.
Èyí tó wà nínú mi, agbọ̀n ni, òun ni mo fi ń pọnmi.”

Ó wá wọ ẹgbẹ́ kan ní yàrá abẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì,
àwọn mẹ́sàn-án lórí àga onírin, kọfí láìsí ṣúgà.
Ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé ìdáná lálaalẹ́. Ó rù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.
Oṣù kejì ni páálí àkọ́kọ́ dé.

Ẹnu tí wọ́n dè, ọwọ́ ló tú.
Ohun tí ọ̀fun ò gbé mì mọ́, yàrá ń gbé e mì:
yàrá àlejò yó, ó bì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀;
ọ̀dẹ̀dẹ̀ yó, àtẹ̀gùn ń jẹ àjẹkù.
Púpọ̀ nínú wọn, kò tú u rí.

Mo bi í pé kí ló dé.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ń wo bàtà mi.
“Verlin, kì í ṣe ohun inú wọn ni mo ń rà.
Kíkan ilẹ̀kùn yẹn ni.
Bí o bá ti kàn án, ko-ko-ko,
nǹkan kan á rọ̀ nínú mi, bí òkèlè àkọ́kọ́.
Kí o tó sọ̀ kalẹ̀ tán, ó ti tán.”

Kí n má parọ́: mo padà sínú ọkọ̀,
mo jókòó láìtan iná.
Àpò dónọ́ọ̀tì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, méjìlá,
ti àwọn ọmọ ọmọ mi. Ohun tí mo sọ fún ẹni tó tà á nìyẹn.
Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ṣúgà ló kù láyà ẹ̀wù iṣẹ́ mi,
ó funfun bí ìta.
Mi ò rántí ìkejì. Mi ò rántí ìkarùn-ún.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́wọ́ òfo.
Ó ṣí i kíá, ojú rẹ̀ ń wá ọwọ́ mi,
ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn mi, orí àtẹ̀gùn.
“Kò sí ẹrù,” mo ní. “Èmi nìkan ni.”
Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yà fún mi lẹ́nu ọ̀nà.
A gbé páálí mẹ́rin kúrò lórí àga ká tó ríbi jókòó.
A mu kọfí. A ò sọ púpọ̀.
Lókèèrè, adágún ń dún bí ẹni ń rún yìnyín lẹ́nu.
Ó fún mi ní ìbọ̀wọ́ kan. Ó bá ọwọ́ mi mu.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́ta tún wà nínú ọkọ̀, orúkọ rẹ̀ lára wọn.
Mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo gbé wọn gòkè.
Mo kan ilẹ̀kùn, mi ò sì yára sọ̀ kalẹ̀.