Ẹ̀kọ́ Ìrọ̀lẹ́ ní Kubwa

Wọ́n mú iná lọ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú,
a fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tan ojú bọ́ọ̀dù.
Señora Nubia, ará Kòlóḿbíà, kọ ọ́ gàdàgbà:
la mesa. Ó ní obìnrin ni tábìlì.
Mo ní, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?
Safiyánù fẹ̀yìn ti àga, ó rẹ́rìn-ín:
èdè Hausa náà ń ṣe akọ, ń ṣe abo,
kò rí i bí èèmọ̀.

Ó gbé àgbàdo pípò wá nínú abọ́,
masa ló pè é.
"Masa kẹ̀? Ìyàwó mi ń dín in
lẹ́nu ọ̀nà wa láràárọ̀!"
Ìrẹsì ni ti Safiyánù.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan tú àti usted,
kíláàsì pa lọ́lọ́, èmi nìkan ni mo nawọ́.
Ìwọ nìyẹn. Ẹ̀yin nìyí.
Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ ní Ìlá,
kí n tó pààrọ̀ eyín.
Señora ní kí n máa pe òun ní tú.
Orúnkún mi kọ̀.

Ní Sátidé, fóònù dún láti Valencia.
Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí kò gbọ́ Yorùbá,
fi imú kan gíláàsì:
"¿Y tú quién eres?"

Tú.
Èmi, ìyá tó bí ìyá rẹ̀.

"Soy tu abuela,"
ohùn mi ń gbọ̀n.
Ó ní mo pè é wọ́. Ó tún un pè fún mi,
díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Ẹ ṣé, tíṣà."