Orí Tó Sùn Lé Mi Léjìká

Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ní Tallinn pẹ̀lú báàgì kan,
àpótí ẹja sámọ́nì tí mo fi yìnyín dì,
àti èjìká òsì tí kì í jẹ́ kí n gbé ọwọ́ sókè mọ́.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń jó irin ọkọ̀ òkun ní Bergen.
Bí ènìyàn bá jórin pẹ́, irin á jó òun náà.

Réluwé kékeré inú ìgboro ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀
bí ajá tó mọ olówó rẹ̀.
Mo wọlé, mò ń wá ẹni tí n ó fowó lé lọ́wọ́.
Ọmọkùnrin kan ní, "Bàbá, ẹ kàn fi káàdì kan ẹ̀rọ yẹn."
Ẹ̀rọ náà dún pín-ín. Ó ti gbowó.
Bàbá!
Nígbà tí mò ń lọ, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè mí.

Ní ibùdó bọ́ọ̀sì, obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bi mí pé,
"Tartu. Àlọ nìkan, àbí àlọ àtàbọ̀?"
Mo ronú títí àwọn tó wà lẹ́yìn mi fi ń húkọ́.
Àlọ nìkan, ni mo wí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ló kún inú bọ́ọ̀sì.
Ẹnìkan gbé ìkòkò ewéko sórí itan bí ẹni gbọ́mọ.
Èyí tó jókòó tì mí gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Ó kí mi, mo kí i.
Níbi tí wọ́n ti bí wa, ìyẹn pọ̀ tó.
A ò tíì jáde nígboro tí oorun fi gbé e lọ.
Orí rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ̀yìn ti fèrèsé,
ó yẹ̀,
ó rọra bọ́ sí èjìká mi.
Èjìká òsì.

Mo fẹ́ pariwo. Mo gbé e mì.

Leelo, ọmọ mi, pé ọdún mẹ́rìnlá lọ́sẹ̀ tí mo lọ.
Lọ́la, yóò dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n,
yóò ṣàlàyé ohun tútù tó ń hù lára òkúta,
èyí tí mo máa ń fi ṣọ́bìrì ha kúrò lójú ọ̀nà ilé.
Mi ò rántí bóyá orí rẹ̀ sùn lé mi rí.
Owó ni mo rántí, oṣooṣù, tí kò yẹ̀ rí.

Oko kọjá, ó pọ́n ròrò bí pupa ẹyin.
Ẹyẹ àkọ̀ dúró lẹ́sẹ̀ kan lórí òpó iná.
Ní Põltsamaa ìyá àgbà kan wọlé pẹ̀lú korobá èso,
ó wo èmi àti ọmọ tó ń sùn, ó rẹ́rìn-ín:
"Ọmọ yín jọ yín."
Mi ò já a nírọ́.

Yìnyín àpótí ń yọ́, omi ẹja ń kán sínú bàtà mi.
Aago mẹ́wàá alẹ́ lu, oòrùn ò lọ,
bí àlejò tó gbójú lé oúnjẹ.
A gun afárá Kärevere.
Ìyá ni wọ́n ń pe odò tó wà lábẹ́ rẹ̀.
Mi ò mọ odò kankan tó ń jẹ́ Bàbá.

Iná Tartu ló jí i.
Ó nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ojú tì í:
"Ẹ máà bínú. Kí ló dé tí ẹ ò gbọ̀n mí jí?"
Mo ní èjìká náà ló sùn.

Mo jẹ́ kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ tán.
Leelo wà lẹ́bàá ògiri, ó ga ju bí mo ṣe fi sọ́kàn lọ,
ó ń wo ẹnu ọ̀nà iwájú, nígbà tí mo gba ti ẹ̀yìn jáde.
Mo pe orúkọ rẹ̀. Ohùn mi kéré.
Ó sáré wá, ó sì ń wá ibi tí yóò gbé orí lé.
Mo fún un ní ti òsì.

Kò béèrè ọjọ́ tí mò ń padà.
Ó fa imú símú, ó tún fa á:
"Bàbá, kí ló ń rùn?"