Tábìlì Ilẹ̀kùn

Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì ní àfonífojì yẹn.
Abúlé márùn-ún. Fèrè mẹ́ta lójúde kọ̀ọ̀kan.
Mo mọ iye ẹnu tó kù níbẹ̀ ju ìjọba lọ:
ní Fuensorda, mọ́kànlélógójì;
ní Valdehiel, mẹ́sàn-án, bí Obdulia bá ti ilé ìwòsàn dé.

Gbogbo wọn ló ní alága.
Alága tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ gílóòbù ojú títì,
alága tó fi kọ́kọ́rọ́ itẹ́ òkú sápò pẹ̀lú tábà.
Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀.
Ọdún mọ́kànlá rèé tí Saturio àti Visitación
ti ń ti ọwọ́ lọ́yà kọ̀wé síra wọn
nítorí páìpù omi kan tí kò ju apá mi lọ.

Ni Maider bá dé, tòun ti bàtà òjò aláwọ̀ ọsàn.
Wọ́n ní ayàwòrán ni. Kò ya àwòrán kankan.
Ó ní kí alága kọ̀ọ̀kan lọ yọ ilẹ̀kùn kan
lára ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́,
kí ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ
wá síbi òkúta tí ààlà wọn ti pàdé.
"Ẹ má mú àga wá o."
Mo rẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀fun fi kún imú mi:
alága márùn-ún, wọn ò ní àga!

Eutiquio gbé ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́,
orúkọ tó fi ọ̀bẹ fín lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ṣì wà lára rẹ̀.
Visitación wọ́ tirẹ̀ nílẹ̀, ó ń bú Maider, ó ń bú òkè,
ó ń bú káfíńtà tó ti kú tipẹ́.
Saturio kò yọjú.

Wọ́n tẹ́ mẹ́rin kalẹ̀. Kò dọ́gba.
"Ẹ fá a," ni Maider wí, ó jókòó sórí koríko, ó ń jẹ ápù.
Bí ọwọ́ bá ń fá igi, ẹnu a ráyè.
Ọ̀rọ̀ dókítà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: abúlé ta ni yóò kọ́kọ́ yà sí?
Ó di ariwo.
Ó wá kan ẹni tó sin òkú ẹlòmíì lọ́dún tí yìnyín dí ọ̀nà,
kò sì sẹ́ni tó pariwo mọ́.

Ilẹ̀ ti ń ṣú ká tó gbọ́ katakata Saturio.
Ilẹ̀kùn ilé ìyá rẹ̀ ló gbé wá, aláwọ̀ aró,
kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.
Kò kí ẹnikẹ́ni.
Visitación ló di orí kejì mú.
"Gbé e sókè díẹ̀," ó ní.

Ẹ má bi mí nípa páìpù. Wọn ò tíì yanjú rẹ̀.
Òjò ti pa tábìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń wú.
Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni dókítà ń gbé àpò rẹ̀ kà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
ibẹ̀ lèmi náà ń dúró sí, fèrè kan ṣoṣo.
Bí mo bá ju búrẹ́dì lé e lórí,
kọ́kọ́rọ́ yẹn á dún woroworo nínú ihò rẹ̀,
bí ẹni pé ìyá arúgbó kan wà nísàlẹ̀
tó ń gbìyànjú àtiṣí i.