Ìpàkọ́ Múfútáù

Odò Ọnà ti kún dé bèbè lóru ọjọ́ tí mo lọ.
Mo bẹ̀rẹ̀ láti tú okùn bàtà mi.
"Ẹ má bọ́ ọ," ni Múfútáù wí. "Ẹ gun ẹ̀yìn mi."
Ìbọn ṣakabùlà léjìká ọ̀tún,
akọ̀ròyìn ìgboro Ìbàdàn lẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́,
ó wọ omi.
"Ọmọ tí a pọ̀n," ó ń rẹ́rìn-ín, "kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn."
N kò rí ojú rẹ̀.
Mànàmáná kọ lẹ́ẹ̀kan, mo rí ìpàkọ́:
àpá oówo méjì, wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí awẹ́ obì.

Lábẹ́ igi kòkó, èèyàn bí ogójì.
Kò sẹ́ni tó ń kọrin ogun. Wọ́n ń yáná.
Bàbá kan tú agolo mílíìkì síwájú mi,
ríṣíìtì owó-orí ló kún inú rẹ̀,
ikán ti jẹ díẹ̀.
"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san ti èṣí.
Akódà ní ayédèrú ni ti àkọ́kọ́.
Ta ló fún mi ní ayédèrú, bí kì í ṣe òun náà?"
Ìyá Láṣebìkan na ìka sí ìwé mi:
"Kí lo pè wá níbẹ̀?"
*Ọlọ̀tẹ̀* ni mo kọ.
Mo ní, "Àgbẹ̀ ni, Ìyá."
Ó bu iṣu sísun fún mi. Mo jẹ ẹ́.
N kò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.

Ní Òkè Àdó, Ọ̀gá Ṣówándé mú bírò pupa.
"Ẹni mélòó ló kú? Ìbọn mélòó?
Àwa kì í ta iṣu níbí."
Ìlà mẹ́fà ló ṣẹ́kù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́rí ọlọ́pàá dúró sí Adéọ̀yọ́.
Wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀, gbogbo wọn dojú bolẹ̀,
ẹrẹ̀ odò ṣì wà ní gìgísẹ̀.
Eṣinṣin kan bà
lórí awẹ́ obì méjì.
Sájẹ́ǹtì gbé ìwé dání: "Ta ló mọ èyí?"
Káàdì ilé-iṣẹ́ wà lọ́rùn mi.
Ìyàwó mi lóyún oṣù méje.
Ẹnu mi wúwo bí ọlọ.
"Ẹni tí a kò dá mọ̀," ó kọ ọ́,
mo sì dà á kọ, létà sí létà.

Bàtà náà rèé lábẹ́ tábìlì.
Awọ rẹ̀ ṣì ń dán.
Omi kò kàn án rí.